Àwọn Ènìyàn Méjìdínlógójì Tí Mo Sọ Lórúkọ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Agbo Ilé Àìná,
Ìbà, Òjó,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ìmọ̀ Ìlera Àjùmọ̀ní,
Òkókómàikò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÈTÒ ÌLERA ÀTI ÌNÁWÓ RẸ̀, NỌ́ŃBÀ 23/047, TÍ Ẹ YỌ KÚRÒ NÍNÚ ÀWỌN TÍ YÓÒ ṢE ÌDÁNWÒ ÀFẸNUṢE LÓRÍ IṢẸ́ ÌWÁDÌÍ WỌN

1. Èmi ni ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè yìí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún yìí ni a ṣe ìgbéyàwó, ìyẹn ni pé lónìí gan-an ni ó pé oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti di ìyàwó ilé Àìná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú bí ẹ bá rí i pé ayọ̀ ń yọjú níbi tó yẹ kí ojú mi ti le. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀sùn ni mo wá fi sùn, ṣùgbọ́n mo ti jàre kí n tó wá, ẹ ó sì rí i bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

2. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìwé tèmi parí sí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, púpọ̀ nínú ìwé ìwádìí tó ń wọ ọ́fíìsì yín ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ bí ìwádìí tí ènìyàn jókòó sílé kọ ṣe máa ń rí. Mo ti tẹ irú rẹ̀ rí, fún àwọn tí n kò ní dárúkọ.

3. Kì í ṣe pé ọkọ mi kò lè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ó ti kọ méjì. Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ yín dá a lóhùn pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ní agbo ilé kan ló fa ẹ̀sùn náà, pé ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù nìkan ni Ìgbìmọ̀ lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èmi ni mo kọ wọ́n, gbogbo wọn pátá, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù tí mo rà fún ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi ti ọ̀dọ̀ mi wá.

4. Àwọn tó mọ ọkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ yín mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ wọ kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Òun ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Òjó. Tábìlì rẹ̀ kọjú sí fèrèsé tí wọ́n ti ń sanwó. Ojoojúmọ́ ló ń rí ẹni tó gba káàdì, tó rìn dé fèrèsé yẹn, tó béèrè ọ̀rọ̀ kan, tó sì yí padà sílé láìfojú kan dókítà. Ohun tó gbé e wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn: ó fẹ́ mọ ibi tí àwọn ènìyàn náà ń lọ àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ ọ́ bí wọ́n bá délé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń béèrè: bí àìsàn bá dé bá ọmọ agbo ilé kan ní Òjó, ní Ìbà tàbí ní Òkókómàikò, ta ni ó kọ́kọ́ ń sọ fún, ta sì ni ó ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà tọ́jú rẹ̀? Ó ní àwọn tó ń kéde adójútòfò ìlera kiri, ètò tí ènìyàn ń dáwó sí kí àìsàn tó dé, kò tíì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé.

5. Agbo ilé mẹ́fà ni iṣẹ́ náà kàn. Olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnlẹ́yẹ, ló ṣẹ́ gègé láti yàn wọ́n. Gègé kẹfà bọ́ sí agbo ilé àwọn ọkọ mi gan-an. Òfin yín kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ wá ẹbí ara rẹ̀ lẹ́nu wò, òfin náà sì dára. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, tó mọ̀ ọ́n kà, tí kì í ṣe ọmọ ilé náà. Nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì lò nínú ilé. Ìyàwó kì í ṣe ọmọ ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì kọ́ mi bí mo ṣe máa béèrè ọ̀rọ̀ tí n kò fi ní máa fi ìdáhùn sí ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tí a bí sínú ilé nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ló bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀, nítorí èmi náà ti wà lára wọn, ìyẹn kò sì sí nínú ẹjọ́ yìí.

6. Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án ni mo fi ṣe é. Àgbàlagbà méjìdínlógójì. Mo bá àwọn kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo bá àwọn kan nídìí kànga, mo tọ ẹnì kan lọ dé ọjà Alábà Rágó níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò, mo sì ń kọ ìdáhùn wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí orúnkún. Inú mi dùn lọ́sẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síwèé lọ. Ìyàwó tuntun mìíràn á máa wá ohun tí yóò fi bá ará ilé ọkọ sọ̀rọ̀. Èmi ní ìbéèrè mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fọwọ́ sí i.

7. Ìlà kìíní fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ti wọlé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Orúkọ tàbí àmì ìdánimọ̀." Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Kì í ṣe bàbá ọkọ nìkan. Ọmọ tí wọ́n bí ní àná, tí mo wọlé lónìí, ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ tèmi ni mo máa fún un, èyí tó bá ìrísí tàbí ìwà rẹ̀ mu, tí yóò máa dáhùn bí ó bá ti gbọ́ ohùn mi. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí mo dé ilé náà ni mo fi wò wọ́n fínnífínní, tí mo sì sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ìdọ̀tí lójúde ni Ajíṣefínní. Èyí tó ń ta àgbò ní Alábà Rágó, tí wọn kì í lè rí ẹni méjì tó ń jà kí wọ́n kọjá lọ, ni Olùlàjà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Ìjanikin ni Àdúmáadán, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí ẹni pé òróró àgbọn ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí eyín rẹ̀ tò bí ọkà bàbà, òun ni Eyínmẹ́nugún. Bàbá tó jẹ́ olórí ilé, tí gbogbo Ìbà mọ̀ sí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, àwọn ni mo sọ ní Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ, torí pé mo rí ẹ̀rín wọn lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo wọlé, nígbà tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

8. Orúkọ wọ̀nyí ni mo kọ sí ìlà kìíní. Ọwọ́ mi kò lè kọ èyí tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè. Bí ẹ bá fẹ́ pè é ní àṣìṣe, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ yín sí ojú ewé kọkànlá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ àbísọ ẹni tó dáhùn ìbéèrè kò gbọdọ̀ hàn níbi kankan nínú iṣẹ́ ìwádìí. Nọ́ńbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń fi rọ́pò ènìyàn kí wọ́n lè pa òfin yìí mọ́. Èmi ti pa á mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, kí n tó mọ̀ pé òfin yín ni.

9. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, òṣìṣẹ́ yín kan wá yẹ fọ́ọ̀mù wò ní agbo ilé wa. N kò bá a jà nítorí pé ó wá. Ó yẹ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ àti àwọn àgbà mẹ́rin ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Ó dúró, ó ṣíwèé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń béèrè pé ta ló ń jẹ́ báyìí, ta ló ń jẹ́ báyìí. Onílẹ̀ ni wá ní Ìbà. Ní agbègbè wa, àlejò tó bá gbé ìwé wọ agbo ilé, tó ń ka orúkọ lórí ìdúró, ẹjọ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń bá wá. Orúkọ kejì lórí ìwé náà ni ti Bàbá fúnra wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Nígbà tí olórí ilé ti wí bẹ́ẹ̀, ta ló kù tí yóò dáhùn? Òṣìṣẹ́ yín kọ ìròyìn pé nínú orúkọ méjìdínlógójì, òun kò rí ẹyọ kan. Òótọ́ ló kọ. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ ni kò bi.

10. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yín. Nọ́ńbà ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ sì kọ "ìwádìí ayédèrú" sí iwájú rẹ̀. Ẹ kò pè é kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ kò pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò pe ẹnikẹ́ni ní òṣìkà, mo kàn ń sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọkọ mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó bá mi ká ìwé oníbàárà jọ, ó bá mi tò ó, ó bá mi ti ilẹ̀kùn, a sì rìn délé. Yàrá ni ó ti ka ìwé ẹ̀sùn yín sí mi létí. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti kọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Ajíṣefínní nínú agbo ilé náà, Ajíṣefínní ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. A ń gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀.

11. Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: òfin yín sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀sùn ayédèrú bá ṣẹ mọ́ lórí kò tún ní padà wá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni ẹ máa ti ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àfẹnuṣe. Bí ọjọ́ náà bá kọjá lórí ọkọ mi, ọdún méjì tó fi ń ti ibi iṣẹ́ wá sí kíláàsì lọ nìyẹn, àwọn tó ń yí padà lójú fèrèsé yóò sì máa yí padà lọ láìsẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

12. Èyí tó kàn ni ohun tó ń mú inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n rora sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnlẹ́yẹ bẹ̀ yín pé kí ẹ tún rán ẹlòmíràn, ẹ sì gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìyẹn. Ní ìjẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, Ọ̀mọ̀wé Adéfúnkẹ́ Fọlárìn dé sí agbo ilé wa. Wọ́n kí àwọn àgbà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì béèrè ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Àwa ìyàwó ilé mẹ́wàá ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n fi ìwé hàn wá. Ìyálé wa àgbà wò ó, wọ́n wo Ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́nu obìnrin lẹ lọ ń bi ọkùnrin." Ọ̀mọ̀wé jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ìyálé wa wá ṣàlàyé fún wọn pé olúkúlùkù ìyàwó ló ní orúkọ tó fún ọmọ ilé, pé ẹnì kan náà lè máa jẹ́ orúkọ mẹ́wàá lẹ́nu ìyàwó mẹ́wàá, pé kò sì sí èyí tí kì í dáhùn nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé yẹ̀ wò.

13. Báyìí ni wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó sí ilé ìdáná, ìyálé méjì sì ń ṣọ́ mi kí n má bàa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n gba fóònù mi pẹ̀lú. Wọ́n wá ń pe àwọn ọmọ ilé sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi wọ́n ní ohun kan péré: kí ni ìyàwó tuntun ń pè yín? Mò ń gbọ́ ẹ̀rín láti ibi tí mo wà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Olùlàjà ti Alábà Rágó dé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú àgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni fi í tì, pé kí wọ́n tètè dá àwọn lóhùn, oníbàárà ń dúró. Eyínmẹ́nugún jáde láti inú yàrá, ó wá dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ní: "Ìyàwó, orúkọ tèmi ni mo rò pé ó dùn jù láti ọjọ́ yìí, àṣé ẹ fún Àǹtí mi ní Ìbàdíàrán." Ìyálé wa fi ọmọrogùn lé e. Wọ́n fi fóònù pe Àdúmáadán ní Ìjanikin, òun náà sì dá wọn lóhùn láàárín kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ti sọ orúkọ mẹ́tàdínlógójì. Gbogbo rẹ̀ ló bá ìwé mu.

14. Ó ku Bàbá. Ọ̀mọ̀wé padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n béèrè. Bàbá ní: "Ẹni tó sọ mí ni kó pè mí." Wọ́n wá pè mí jáde. Mo kúnlẹ̀ sí ìloro, níwájú àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ti dáwọ́ ayò dúró, mo sì pe orúkọ náà bí mo ṣe máa ń pè é láràárọ̀: "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ." Bàbá ń wo òpópónà. Ẹnì kan lára àwọn àgbà béèrè pé ta nìyẹn. Bàbá kò wò ó. Wọ́n ní: "Ìyàwó mi, mo ń gbọ́." Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Eyín méjì ló kù fún wọn lókè, ẹ̀rín náà sì yẹ wọ́n dé ibi tí ojú mi fi ṣómi. Ọ̀mọ̀wé bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn. Ìdáhùn wọn wà nínú ìròyìn Ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi náà: "Ẹni tí n kò mọ̀ rí wá ń fi ohùn ọlọ́pàá pe orúkọ tí ìyàwó mi fi ń kẹ́ mi, ṣé kí n jẹ́ ẹ ni?"

15. Méjìdínlógójì nínú méjìdínlógójì. Ọ̀mọ̀wé kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ṣa fọ́ọ̀mù mẹ́wàá, wọ́n tún àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ bi àwọn tó ni ín, ìdáhùn kò yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìròyìn wọn lójú wa, wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó lọ.

16. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan wà tó tóbi ju ìdáláre lọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀. Nínú àwọn méjìdínlógójì yẹn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló sọ fún mi pé bí ara àwọn kò bá yá, ìyàwó ilé kan ni àwọn kọ́kọ́ ń sọ fún, kì í ṣe olórí ilé. Ìyàwó yẹn ló ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló ń bá àwọn ìyàwó yòókù sọ ọ́, àwọn ló sì ń wá ọ̀nà. Olórí ilé máa ń gbọ́ nígbà tí ọ̀nà bá ti là. Ọkọ mi rí ohun kan náà ní agbo ilé márùn-ún yòókù. Àwọn tó ń kéde adójútòfò ìlera ti wá sí Ìbà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n fún wọn ní ìwé aláràbarà, wọ́n lọ. Ìwé náà ni àwọn àgbà fi ń fẹ́ra nígbà ooru. Ìyálé wa àgbà kò gbọ́ nípa adójútòfò rí àfi ìgbà tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì béèrè lójú ẹsẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ wá wò ó. Òṣìṣẹ́ yín náà wá, ó bá àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, ó sì lọ. Ohun tí iṣẹ́ ọkọ mi sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ètò ìlera ni ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, n kò ní wá ẹ̀rí mìíràn.

17. Ẹ̀sùn mi kò pọ̀ mọ́. Mo gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yín kọjá ní òwúrọ̀ yìí. Ìwé náà ṣì wà lára pátákó. Òjò ti pa á, ìdajì rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "ayédèrú" ṣì hàn ketekete. Àwọn tó ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi ń kọjá níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Akọ̀wé yín ní kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ láìsí àṣẹ Ìgbìmọ̀.

18. Nítorí náà, mo bẹ Ìgbìmọ̀ yín pé ní ìjókòó tí ẹ máa ṣe ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, kí ẹ gba ìròyìn Ọ̀mọ̀wé Adéfúnkẹ́ Fọlárìn wọlé, kí ẹ sì dá akẹ́kọ̀ọ́ yìí padà sínú ìwé àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àfẹnuṣe kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ ìwé ara pátákó, kí ẹ sì lẹ òmíràn síbi tó wà gan-an, tí yóò sọ pé wọ́n ti rí gbogbo àwọn ènìyàn náà. Bí ìnira ìtẹ̀wé bá wà, màá tẹ̀ ẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ìwé tó nípọn. Mo sì ní ìmọ̀ràn kékeré kan: ẹni tí ẹ bá ń rán lọ yẹ fọ́ọ̀mù wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un kí ó gba àga bí wọ́n bá fún un, kí ó sì dé ẹ̀yìnkùlé kí ó tó kọ ìròyìn.

19. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé láti òkè dé ibí, n kò kọ orúkọ ọkọ mi. Kì í ṣe àfojúdi sí Ìgbìmọ̀. Òun náà wà nínú àwọn tí mo bá nílé, n kò sì gbọdọ̀ pè é. Ó ní orúkọ tí mo fi ń pè é, ìyẹn kò sí lórí fọ́ọ̀mù kankan, kò sì kan Ìgbìmọ̀. Orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé yín, Àdúmáadán ló bá mi kọ ọ́ sórí ìwé tó kẹ́yìn, nígbà tó wá sílé lánàá, kí ẹ má bàa sọ pé ẹ kò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní oyè, ẹ ó pe orúkọ yẹn jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é dáadáa kí ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àwọn méjìdínlógójì máa wà níbẹ̀, àwa ìyàwó mẹ́wàá náà máa wà níbẹ̀, Bàbá sì ti ní àwọn máa rẹ́rìn-ín ní gbangba. Nínú gbogbo wa, èmi ló wù jù láti pe orúkọ náà sókè, èmi sì ni kò gbọdọ̀ pè é. Ẹ bá mi pè é.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tayọ̀tayọ̀,

Fikáyọ̀ Àìná (Ìyáàfin),
Atẹ̀wé ní Ìyànà Ìbà,
Ìyàwó tuntun ní Agbo Ilé Àìná.

Àwọn ìwé tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí:
Ìwé ìfọwọ́sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnlẹ́yẹ.
Ojú ewé kọkànlá nínú ìwé ìlànà yín.
Ẹ̀dà ìròyìn Ọ̀mọ̀wé Adéfúnkẹ́ Fọlárìn.
Orúkọ ọkọ mi, láti ọwọ́ àbúrò rẹ̀.